Ìbẹ̀rù Lẹ́yìn Ìwòsàn: Ǹjẹ́ Àìmoore Ni?

Ìbéèrè kan ń bẹ tí ó ń yọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lẹ́nu ní ìkọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n tí ó ṣọ̀wọ́n kí a tó gbọ́ ọ ní gbangba. Ìbéèrè náà nìyí: Bí a bá mú ènìyàn láradá kúrò nínú àrùn tí ó lè pa á, tí ó sì ti dúró níwájú ìjọ láti dúpẹ́, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó tún máa bẹ̀rù? Bí ó bá ń bẹ̀rù, ǹjẹ́ àìmoore kọ́ ni? Ǹjẹ́ kì í ṣe pé ẹnu rẹ̀ ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà pé òun rí àánú gbà? Ó wù wá láti gbé ọ̀ràn yìí yẹ̀ wò nínú ìwé ti oṣù yìí. Kì í ṣe nítorí àríyànjiyàn ni a fi ń ṣe é, bí kò ṣe nítorí pé àwọn kan ń bẹ láàárín wa tí ó jẹ́ pé ìdáhùn tí a bá fún wọn yóò di ìtura fún wọn, tàbí kí ó di ẹrù lé ẹrù.

Àwọn tí a ní lọ́kàn ni àwọn ọ̀dọ́bìnrin, àti àwọn ìyá tí ọjọ́ orí wọn kò tí ì pọ̀, tí àrùn jẹjẹrẹ ọyàn ti kọlù, tí a sì ti tọ́jú. A gé ọyàn kan fún òmíràn nínú wọn. Kókó nìkan ni a gé fún òmíràn. Wọ́n ti gba oògùn líle tí a ń fi sínú iṣan, èyí tí ó mú kí irun orí wọn re. Wọ́n ti dùbúlẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ ìtànṣán ní ọjọ́ púpọ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, oníṣègùn wí fún wọn pé kí wọ́n máa lọ sí ilé, kí wọ́n sì padà wá fún àyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ará ilé yọ̀, ọ̀rẹ́ yọ̀, ìjọ kọrin ọpẹ́. Ṣùgbọ́n ní òru, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, obìnrin náà a máa fi ọwọ́ tẹ abẹ́ abíyá rẹ̀ wò, bóyá nǹkan kan tún ń bẹ níbẹ̀. A tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, a tún tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì, títí ibẹ̀ yóò fi máa dùn ún. Ìrora tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà yìí yóò sì tún di ohun ẹ̀rù mìíràn fún un.

Ohun tí kò jẹ́ nǹkankan lójú ẹlòmíràn di oníṣẹ́ ikú lójú irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá ń dun aládùúgbò rẹ̀, aládùúgbò náà a wí pé omi tí òun pọn ní àná ni. Bí ẹ̀yìn bá ń dun òun, èrò rẹ̀ ni pé àrùn náà ti dé egungun. Bí orí bá ń fọ́ ẹlòmíràn, oòrùn ni. Bí ó bá ń fọ́ òun, ó di ọ̀ràn ọpọlọ. Bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ku ọ̀sẹ̀ kan, oúnjẹ kì í lọ mọ́, oorun kì í wá, a sì máa bínú sí àwọn ọmọ láìnídìí. Àwọn àgbà wa ti mọ ọ̀ràn yìí tipẹ́tipẹ́ nígbà tí wọ́n wí pé ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló yóò sá. A máa ń fi òwe náà rẹ́rìn-ín ẹni tí ó sá. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ara balẹ̀ rò ó, òwe náà kò bá a wí. Ohun tí ó ń kọ́ wa ni pé oró ejò a máa kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kí ó tó kúrò nínú ìrántí.

Kí ni àwọn ènìyàn ń sọ fún un? Wọ́n a wí pé, “Má fi ẹnu rẹ pè é.” Wọ́n a wí pé, “Ohun tí ó ti lọ ti lọ. Ṣé o kò nígbàgbọ́ ni?” Ẹlòmíràn a tilẹ̀ wí pé ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù ohun tí a ti lé jáde ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún un láti padà wọlé. Àwa kò wí pé èrò búburú ni ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sọ wọ́n ni ó fẹ́ràn obìnrin náà dé ọkàn. Ṣùgbọ́n ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, kì í ṣeé kó. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe ni pé ó ń dí obìnrin náà lẹ́nu. Àwọn àgbà wí pé ohun tí ó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. A wá gba ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu ẹni tí nǹkan ń dùn. Láti ọjọ́ náà lọ, bí a bá béèrè àlàáfíà rẹ̀, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó ń fún gbogbo ènìyàn: “Ó ti tán, ọpẹ́ ni.” Báyìí ni ó fi ń ru ẹrù méjì dípò ọ̀kan. Èkíní ni ìbẹ̀rù. Èkejì ni ìtìjú pé òun ń bẹ̀rù.

Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a wo ìbẹ̀rù náà fúnra rẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìbẹ̀rù kan jẹ́ ti òmùgọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a béèrè ni bóyá ohun tí a ń bẹ̀rù wà tàbí kò sí. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù ẹkùn ní àárín ọjà kò gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń bẹ̀rù rẹ̀ ní ẹ̀bá igbó tí ẹkùn ti pa ewúrẹ́ ní àná, ta ni yóò pè é ní òmùgọ̀? Níti àrùn jẹjẹrẹ ọyàn, ẹkùn náà kì í ṣe ti ojú àlá. Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fi hàn pé ní ọdún 2022, obìnrin bí mílíọ̀nù 2.3 ni a rí àrùn náà lára wọn ní gbogbo ayé, àti pé nǹkan bí 670,000 ni ó ti ipa rẹ̀ kú ní ọdún kan náà. Ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun, ara àwọn ìyá àgbà ni ó ti wọ́pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń mú kò tí ì pé ọmọ 50 ọdún, àwọn mìíràn kò sì tí ì pé 40. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, ọmọ ilẹ̀ wa tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó di ògbóǹtarìgì ní ìlú Chicago, wà lára àwọn tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ohun tí ó fa èyí. Nínú ìwádìí kan tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2018 lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà, a rí i pé nínú obìnrin 8 tí ó ní àrùn náà, ó tó ẹnì kan tí ó jogún àbùkù kékeré kan nínú ara láti ọ̀dọ̀ bàbá tàbí ìyá, tí àbùkù náà sì ń ṣí ọ̀nà fún àrùn. Àjogúnbá yìí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, kì í sì í ṣe èpè. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó bá mọ̀ nípa rẹ̀ kì í bẹ̀rù nítorí ara rẹ̀ nìkan. A máa wo ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó ń ṣeré ní àgbàlá, a sì máa bẹ̀rù nítorí tirẹ̀ pẹ̀lú.

Àrùn náà lè padà wá. Òtítọ́ ni èyí. Oríṣi rẹ̀ kan ń bẹ tí ń fi èròjà tí ń darí nǹkan oṣù obìnrin ṣe oúnjẹ. Irú èyí lè fara pamọ́ pẹ́. Àwọn oníwádìí sì fi hàn ní ọdún 2017 pé ó lè yọjú àní títí dé 20 ọdún lẹ́yìn tí a kọ́kọ́ rí i. Oríṣi mìíràn kì í jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú àti láàárín àwọn tí ó kéré ní ọjọ́ orí. Bí èyí yóò bá padà, kì í pẹ́, pàápàá láàárín ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí ọdún márùn-ún bá ti kọjá, ewu rẹ̀ a dínkù púpọ̀. A kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí a tètè rí àrùn náà lára wọn ni kò tún rí i mọ́ títí ọjọ́ ayé wọn. Ṣùgbọ́n kò sí oníṣègùn kan tí ó lè na ìka sí obìnrin kan pàtó kí ó sì wí pé, “Ìwọ ni kò ní padà sí lára láéláé.” Obìnrin náà mọ èyí. Ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní àìgbàgbọ́ lára rẹ̀, ìmọ̀ ni.

Àwọn tí ó ti wádìí ọ̀ràn yìí ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ rí i pé bí obìnrin bá ti kéré tó ní ọjọ́ orí ni ìbẹ̀rù náà a máa pọ̀ tó lára rẹ̀. Kò sì yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Ìyá àgbà tí ó ti rí ọmọ-ọmọ lè wí pé bí ó bá di ọ̀la, ó di ọ̀la. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ́ ọmọ 34 ọdún, tí ọmọ rẹ̀ kékeré kò tí ì wọ ilé ìwé, ọ̀la ni gbogbo ọrọ̀ rẹ̀. Òmíràn kò tí ì lọ́kọ. Ó ń rò ó bóyá ẹnikẹ́ni yóò fẹ́ òun pẹ̀lú àpá yìí ní àyà. Òmíràn ti lọ́kọ, kò tí ì bímọ. Oògùn sì ti dá nǹkan oṣù rẹ̀ dúró kí àsìkò tó tó, bẹ́ẹ̀ ni ooru ń mú un lójijì bí ẹni tí ó ti dàgbà. Òmíràn jẹ́ olùkọ́, ó sì ti lo gbogbo ìsinmi tí a yọ̀ǹda fún un; ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá tún dùbúlẹ̀, iṣẹ́ lè bọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé owó, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìdílé ní Nàìjíríà ni ó ń san owó ìtọ́jú láti inú àpò ara wọn. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti ta ilẹ̀ nítorí ìwòsàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan a máa bi ara rẹ̀ léèrè pé, kí ni ó kù tí a ó tà bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kejì?

Nísinsìnyí a lè dáhùn ìbéèrè wa. Ọpẹ́ àti ìbẹ̀rù kì í ṣe ọ̀tá ara wọn, nítorí pé ojú tí ọ̀kan ń wò kọ́ ni èkejì ń wò. Ọpẹ́ ń wo ẹ̀yìn, ìbẹ̀rù ń wo iwájú. Àgbẹ̀ tí ó kó iṣu rẹ̀ wọlé a dúpẹ́. Bí òjò ọdún tí ń bọ̀ bá sì pẹ́, a bẹ̀rù. Kò sí ẹni tí ó pè é ní aláìmoore. Ẹni tí ọkọ̀ ojú omi dà nù lẹ́ẹ̀kan, tí àwọn apẹja sì gbà là, bí ó bá tún wọ ọkọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò tàbùkù sí àwọn tí ó gbà á là. A tilẹ̀ lè wí pé ìbẹ̀rù rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí bí ohun tí wọ́n ṣe fún un ti tóbi tó. Nítorí ẹni tí kò mọ bí omi náà ti jìn tó, báwo ni yóò ṣe mọ bí ọpẹ́ tí ó jẹ ti pọ̀ tó? Níti ìgbàgbọ́, àwa tí a ń ka ìtàn ọgbà Gẹtisémánì ní ọdọọdún mọ̀ pé Olúwa wa fúnra rẹ̀ wà nínú ìrora ọkàn ní òru ọjọ́ náà, ó sì fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá òun ṣọ́nà. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí yóò wí pé kò nígbàgbọ́. Bí ìtàn náà bá dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kì í ṣe ẹni tí àyà rẹ̀ ń já, bí kò ṣe àwọn ọ̀rẹ́ tí ó sùn lọ.

Kì í ṣe ọ̀ràn òde òní nìkan ni èyí. Frances Burney, obìnrin òǹkọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a gé ọyàn kan fún ní ìlú Paris ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1811, nígbà tí a kò tí ì mọ oògùn tí ń mú ènìyàn sùn kí a tó fi ọ̀bẹ kàn án. Kì í ṣe ọ̀dọ́ mọ́ ní ìgbà náà. Ọmọ 59 ọdún ni. Ó yè é, kò sì kú títí di ọdún 1840. Síbẹ̀, nínú lẹ́tà tí ó kọ sí arábìnrin rẹ̀, ó jẹ́ kí ó mọ̀ pé fún oṣù púpọ̀ òun kò lè sọ ọ̀rọ̀ náà láìjẹ́ pé ó dà bí ẹni pé a tún ń ṣe é fún òun, àti pé òun kò lè tún ohun tí òun ti kọ kà. Ara ti sàn. Ìrántí kò tí ì sàn. Síbẹ̀ ó kọ ọ́, ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sọ̀rọ̀ lé ohun tí ọ̀rọ̀ sísọ ń ṣe.

Ẹnìkan lè wá bi wá pé, “Ṣé ohun tí ẹ̀ ń wí ni pé kí obìnrin jókòó ti ìbẹ̀rù títí ayé?” Rárá o. Ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lè jẹ́ ìyọnu síbẹ̀. Ó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ sáàárín ìbẹ̀rù tí ó jẹ́ ọlọ́dẹ àti ìbẹ̀rù tí ó jẹ́ ọba. Ọlọ́dẹ ń ṣọ́ ilé. Bí olè bá dé, a kígbe. Bí olè kò bá dé, a dákẹ́, kí onílé lè sùn. Obìnrin tí ìbẹ̀rù rẹ̀ jẹ́ ọlọ́dẹ a máa lọ fún àyẹ̀wò ní ọjọ́ rẹ̀, a máa lo oògùn rẹ̀, bí kókó titun bá sì yọ, kì í dúró di ọ̀la. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́dẹ bá gorí ìtẹ́, kò sí àlàáfíà fún ilé náà mọ́. Ọ̀nà méjì ni ìbẹ̀rù tí ó di ọba ń gbà ṣe ìjọba. Fún àwọn kan, a máa lé wọn láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn, àyẹ̀wò lórí àyẹ̀wò, tí ìdáhùn rere kò sì ní fún wọn ní ìsinmi ju ọjọ́ méjì lọ. Fún àwọn mìíràn, a máa lé wọn sá kúrò ní ilé ìwòsàn pátápátá: wọn kò ní lọ fún àyẹ̀wò, wọn a ju oògùn sílẹ̀, nítorí pé gbogbo ohun tí ó bá rán wọn létí àrùn náà ti di ohun ìríra fún wọn. Ọba kan náà ni ó ń pàṣẹ fún àwọn méjèèjì.

Ìbẹ̀rù irú èyí a máa dá ẹjọ́ tí kò tọ́, àní fún àwọn ọlọ́gbọ́n. Ní ọdún 1882, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan tí a ń pè ní William Halsted bẹ̀rẹ̀ sí gé ọyàn pẹ̀lú ẹran àyà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ àti gbogbo kókó abíyá, nítorí èrò rẹ̀ ni pé bí a bá gé e tó, àrùn kò ní padà. Ó ju 70 ọdún lọ tí àwọn oníṣègùn fi tẹ̀lé ọ̀nà náà. Nígbà tí Bernard Fisher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá fi àwọn obìnrin wé ara wọn, tí wọ́n sì gbé èsì jáde ní ọdún 1985, a rí i pé àwọn tí a gé kókó nìkan fún, tí a sì fi ìtànṣán kún un, ń pẹ́ láyé bí àwọn tí a gé gbogbo ọyàn fún. Bákan náà ni ó rí nígbà tí a tún wò wọ́n lẹ́yìn 20 ọdún. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí kọ̀ láti gba iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí kókó bá ti tóbi, gígé ọyàn lè jẹ́ ọ̀nà ìyè, àwọn tí ó sì sá fún un ní ilẹ̀ wa ti kú lọ́pọ̀lọpọ̀. Ohun tí a ń wí ni pé kí ìbẹ̀rù má ṣe di ọ̀bẹ. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan a máa bẹ̀bẹ̀ pé kí a gé ọyàn kejì tí kò ní àrùn; fún ẹni tí kò jogún àbùkù tí a sọ ṣáájú, gígé bẹ́ẹ̀ kì í fi ọjọ́ kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọlọ́dẹ lè kígbe. Kò yẹ kí ó dájọ́.

Báwo wá ni a ó ṣe sọ ọ́ kalẹ̀ láti orí ìtẹ́? Èkíní, nípa ìmọ̀ tí ó dájú. Kí obìnrin náà béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn rẹ̀ irú àrùn tí ó ṣe òun, àti àwọn àmì tí ó yẹ kí òun wá sọ. Kókó titun kò gbọ́dọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ìrora lásán tí kò bá kúrò fún ọ̀sẹ̀ méjì ni ó yẹ kí a gbé lọ, èyí tí ó bá lọ ṣáájú ìgbà náà, kí ó máa lọ. Ìlànà kékeré yìí ti fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní oorun. Èkejì, kí ó má ṣe ju oògùn sílẹ̀. Àwọn tí a fún ní oògùn tí a ń pè ní tamoxifen ń lò ó fún ọdún 5, àwọn mìíràn fún ọdún 10, nítorí pé ó ń dí ọ̀nà ìpadàbọ̀. Ẹni tí ọmọ bíbí bá ń jẹ lọ́kàn, kí ó sọ ọ́ jáde, kí ó má ṣe dá ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Ní ọdún 2023, èsì ìwádìí kan jáde lórí àwọn obìnrin 516 tí kò ju ọmọ 42 ọdún lọ, tí wọ́n fi àṣẹ oníṣègùn dá oògùn irú yìí dúró fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n lè lóyún: láàárín ọdún mẹ́ta àti díẹ̀ tí a fi ṣọ́ wọn, àrùn náà kò padà sí lára wọn ju ti àwọn mìíràn lọ. A kò tí ì mọ ti ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ọ̀pọ̀ rò pé ó ti tì pa kò tì fún gbogbo ènìyàn. Ẹ̀kẹta, bí àníyàn bá ti gba oorun àti oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí ó lọ sọ ọ́ ní ilé ìwòsàn bí a ti ń sọ ibà. Ní ilẹ̀ Australia, ìwádìí kan tí a gbé jáde ní 2017 fi hàn pé bí ẹni tí ó mọṣẹ́ bá jókòó bá irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà mélòó kan, tí ó sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa jẹ́ kí èrò ìbẹ̀rù kọjá lọ láìbá a jà, ìbẹ̀rù náà a máa rọlẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú èyí. Ọkàn pẹ̀lú wà lára ohun tí àrùn náà ṣá lọ́gbẹ́.

Ṣùgbọ́n oògùn kan wà tí kò ní iye owó, èyí sì ni ẹlẹgbẹ́ tí ó ti rin ọ̀nà náà kọjá. Ní ọdún 1952, a ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún Terese Lasser ní ìlú New York. Nígbà tí ó sì rí i pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ dá òun lóhùn nípa ohun tí ó ń bọ̀ níwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí bẹ àwọn obìnrin mìíràn wò lórí ibùsùn wọn. Inú àwọn oníṣègùn kan kò dùn sí i. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1969, àjọ ńlá tí ń gbógun ti jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà gba iṣẹ́ náà ṣe tiwọn. Ní ilẹ̀ wa, Betty Anyanwu-Akeredolu, tí òun fúnra rẹ̀ la àrùn náà já, dá ẹgbẹ́ tí a ń pè ní BRECAN sílẹ̀ ní ọdún 1997, kí ẹnikẹ́ni má bàa dá ru ẹrù náà. Nígbà tí obìnrin kan bá gbọ́ kí ẹlòmíràn wí pé, “Èmi náà a máa tẹ abẹ́ abíyá mi wò ní òru, ó di ọdún mẹ́sàn-án báyìí,” ohun méjì ni ó rí gbà lẹ́ẹ̀kan náà: ó mọ̀ pé òun kì í ṣe aṣiwèrè, ó sì rí i pé ènìyàn lè bẹ̀rù fún ọdún mẹ́sàn-án kí ó sì wà láàyè, kí ó máa ṣòwò, kí ó máa rẹ́rìn-ín.

Ó kù sí ọwọ́ àwa tí ara wa le. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Dípò kí ọkọ wí pé, “Má bẹ̀rù mọ́,” kí ó wí pé, “Ọjọ́ wo ni àyẹ̀wò? A ó jọ lọ.” Kí ìyá ọkọ má ṣe ka oṣù lé e lórí nítorí ọmọ. Kí ọ̀gá ilé ìwé jẹ́ kí olùkọ́ tí ó ní àyẹ̀wò lọ láìfi ojú kan án. Kí àwọn tí ń ṣètò ìsìn ọpẹ́ má ṣe fi ipá mú ẹnikẹ́ni láti jẹ́rìí pé ó ti tán láéláé. Kí wọ́n jẹ́ kí ó dúpẹ́ fún ibi tí ó dé, nítorí ibi tí a dé tó fún ọpẹ́. Bí ọkùnrin bá wá fẹ́ ọmọbìnrin tí ó ti la àrùn yìí já, ọmọbìnrin náà jẹ ọkùnrin náà ní òtítọ́ kí wọ́n tó ṣe ìdána, ṣùgbọ́n kò jẹ gbogbo ìlú ní ìròyìn ara rẹ̀. Kí ẹni tí ó bá sì mọ àṣírí náà pa á mọ́. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá tí ó bá ń wá iṣẹ́ àánú ṣe, kí wọ́n ṣe ìwádìí ẹni tí owó ọkọ̀ ń dí lọ́wọ́ láti dé ilé ìwòsàn. Owó ọkọ̀ àti ẹnìkejì tí ó jókòó tì í lórí àga títí a ó fi pe orúkọ rẹ̀ ń lé ìbẹ̀rù lọ ju ìwàásù púpọ̀ lọ.

Ojú àpá kì í jọ ojú ara. Àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò sọ pé àpá kò jinná. Àpá jinná, a lè gbé ẹrù lé e, a lè gbé ọmọ sùn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dà bí ìgbà tí ọ̀bẹ kò tí ì kàn án, ẹni tí ó bá sì ń fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ń fi ohun tí kò ṣeé ṣe béèrè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọkàn ẹni tí ikú ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀dọ́. Nítorí náà ìdáhùn wa ni èyí: ìbẹ̀rù irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àìmoore, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí yóò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni kí àwọn tí ó yí i ká mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á, kí wọ́n sì pàṣẹ fún un láti dákẹ́, kí ara lè rọ̀ wọ́n. Ẹni tí ó bá ní irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní ilé, ní ilé ìwé, tàbí ní ìjọ, kí ó lọ bá a jókòó ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó béèrè bí nǹkan ti rí ní tòótọ́, kí ó sì fi ara balẹ̀ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ dé òpin.